Rélùwéè ìgboro láti Mayfair gba Lagere dé Enuwa: kí ló yẹ kó ṣáájú?

Àwòrán_Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ká ní rélùwéè ìgboro ti wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti gèètì OAU dé Mayfair, tí a wá fẹ́ fà á gba Lagere lọ sí Enuwa. Ojú títì ni irin máa wà, mọ́tò àti ọ̀kadà á máa gba orí rẹ̀. Ṣé irin ló ṣáájú ni àbí páìpù omi abẹ́ títì? Ṣé kọnkéré la ó fi gbé irin ni àbí òkúta? Kọ́nà ńkọ́?

Ọ̀gá_Títì: Páìpù ni. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ní Edinburgh, ní Scotland, ohun tí wọ́n bá lábẹ́ títì wà lára ohun tó fa iṣẹ́ rélùwéè ìgboro wọn sẹ́yìn: ọdún 2014 lọkọ̀ tó rìn, York Place ló sì dúró sí. Ó di 2023 kó tó dé Newhaven tí wọ́n ń lọ.

Ẹ má gbára lé máàpù nìkan. Ẹ fọwọ́ gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò la ìbú títì já, torí kátapílà lè bẹ́ páìpù. Èyí tó bá bá irin rìn gbọọrọ, ẹ kó o kúrò. Èyí tó bá dá irin kọjá, ẹ tì í bọ inú páìpù tó tóbi jù ú lọ, kó lè ṣe é fà yọ láì fọ́ kọnkéré.

Iná_DC: Ẹ jẹ́ n fi ti iná kún ti ẹ̀gbọ́n. Iná fóltì 750 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí ń lò. Iná ń gba wáyà òkè wọlé, ó ń gba irin padà. Bí irin bá fara kan ilẹ̀ tútù, iná á jò wọ páìpù onírin, ibi tó bá sì ti jáde lára páìpù ló ti ń jẹ ẹ́. Ámpíà 1 tó bá jò fún ọdún kan gbáko lè jẹ irin bíi kìlógíráàmù 9. Nítorí náà ni a ṣe ń fi rọ́bà wé irin kí a tó da kọnkéré. Ẹ má jẹ́ kí gọ́tà dí o! Ẹrẹ̀ tó bá bo irin nígbà òjò á gbé iná gba orí rọ́bà kọjá. Páìpù oníke (PVC) kò sí nínú ewu yìí.

Ọ̀gá_Títì: Kọnkéré ni kẹ́ ẹ lò lójú títì. Níbi tí mọ́tò kì í gbà lẹ lè da òkúta sí, àmọ́ ẹ má da ìgbóná irin 27°C tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń so irin mọ́lẹ̀ kọ. Ó kéré jù fún oòrùn wa. Bí ìgbóná bá fi 20°C lé, irin mítà 100 á fẹ́ gùn sí i ní mílímítà 23. Bí kò bá ríbi gùn sí, á wọ́.

Ní ti kọ́nà, rédíọ́sì mítà 25 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lè yí, ṣùgbọ́n irin á máa han, á sì tètè jẹ. Ẹ fẹ̀ ẹ́ bí àyè bá wà. Igun ọkọ̀ ń yọ síta ní kọ́nà, ẹ yà á sórí àwòrán kẹ́ ẹ tó ri òpó.

Àwòrán_Ifẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé rọ́bà á bo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀?

Iná_DC: Dandan ni. Ibẹ̀ ló ti sábà ń ya. Ẹ lọ ojú ibi tẹ́ ẹ jó dáadáa, ẹ wé e, kẹ́ ẹ wá fi mítà wò ó bóyá iná ń jò. Ẹ má da kọnkéré títí mítà á fi gbà fún yín.