Lórí "ìyànkúrò": yàn kò lè gbé kúrò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ, n ó sì sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀. Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ ìròyìn ti gbé ọ̀rọ̀ tuntun kan wá síwájú wa: "ìyànkúrò". Ó ní òun dá a fún ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹgbẹ́ òṣèlú kò bá jẹ́ kí ẹni tó ti wà lórí àga gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kí gbogbo akọ̀ròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí ìdìbò ọdún 2027 tó dé. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò ní pàtẹ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kúrò. Kúrò kì í dá iṣẹ́ ṣe nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ ló ń ti nǹkan, kúrò wá ń sọ fún wa pé nǹkan náà ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. A lé e kúrò. A gbé e kúrò. A yọ ọ́ kúrò. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ kan nǹkan náà, ó sì lọ. Yàn ńkọ́? Ẹni tí a bá yàn, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Bí mo bá ní "wọ́n yàn án kúrò", ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò dúró, yóò bi mí pé: láàárín àwọn ta ni? Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni pé wọ́n mú ọkùnrin náà nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, pé òun ni wọ́n fẹ́. Òdìkejì ohun tí àbúrò wa ní lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Ó ti fèsì sí èyí. Ó ní ṣebí a máa ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kí ló wá dé tí a kò lè yan olùdíje kúrò nínú ẹgbẹ́? Èsì náà dùn létí, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣà àti yàn kì í ṣe ìbejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé nínú ṣàyàn. Ọwọ́ la fi ń ṣà, ọkàn la fi ń yàn. Ohun tí a ṣà lè jẹ́ òkúta tí a fẹ́ dà nù. Ohun tí a yàn, a fẹ́ ẹ ni. Ìdí nìyẹn tí èdè wa fi ní àyànfẹ́, tí kò ní àṣàfẹ́. A máa ń ní ẹ̀dá yan orí. Kò sí baba ẹni tó sọ pé ẹ̀dá ṣa orí. Ẹni tó bá so kúrò mọ́ yàn, ìfẹ́ ló fi ń lé èèyàn jáde, Yorùbá kò sì mọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo bó ṣe kọ ọ́: "iyankuro", láìsí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ó ní fóònù òun kò gba àmì. Mo ti ń gbọ́ àwáwí yìí láti ìgbà tí fóònù ti dóde. Bí a kò bá fàmì sí yàn, yan ló kù, yan tí a fi ń yan ẹ̀pà, yan tí ológun ń yan. Ó yan, ó kúrò. Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé ṣe ni ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ yan jáde nínú ẹgbẹ́, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n tì í síta ni. Nínú òṣèlú, ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó jáde àti ẹni tí wọ́n tì jáde kì í ṣe ohun kékeré. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa ń gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ní ká pa ìyànkúrò tì, ká lo ìrọ̀lóyè. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, nítorí wọ́n mọ èdè jù mí lọ níbi púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, oyè wo ni wọ́n rọ̀ ọ́ ní? Nínú ìdìbò abẹ́lé APC ní ìpínlẹ̀ Èkó, lóṣù kẹwàá ọdún 2018, Akinwunmi Ambode ní ìbò 72,901. Babajide Sanwo-Olu ní 970,851. Ṣé Ambode bọ́ sílẹ̀ lórí àga lọ́jọ́ náà? Rárá. Gómìnà ni títí di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ó ń buwọ́ lu ìwé, wọ́n ń kí i ní Ọlọ́lájùlọ. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Oyè rẹ̀ pé ọjọ́ tó yẹ kó pé. Bí a bá kọ ọ́ pé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, irọ́ la pa fún ẹni tó ń kàwé.

Ìrọ̀lóyè wà nínú òṣèlú wa lóòótọ́, ó sì ní ibi tó yẹ ẹ́. Ọdún 1962, nígbà tí ìjà dé sáàárín Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) àti Akíntọ́lá tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àti Pírẹ́míà ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ ní kí gómìnà yọ Akíntọ́lá. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni gómìnà nígbà náà. Ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ni wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi Adégbenró rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ 25, àga ń fò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì. Bàbá mi, Ọlọ́pẹ paraku tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, kì í da ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ti Akíntọ́lá, wọn a ní "wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè", torí pé oyè wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ kò fà kalẹ̀ fún ìbò mọ́, wọn a ní "ẹgbẹ́ fi dù ú". Wọn kò ní jẹ́ kí èyí wọ inú ìyẹn. Bí àwa ọmọdé bá sì ṣì í sọ, wọn a gbé rédíò sílẹ̀ kí wọ́n tó tún un sọ fún wa.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìyànkúrò ni pé ó bo ẹni tó ṣe nǹkan náà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni tíkẹ́ẹ̀tì ń gbà bọ́. Ti Èkó, ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n fi ṣe é, bàbá ìsàlẹ̀ ti yọwọ́ kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ti Ẹdó lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ olùdíje wò ní APC ló ní gómìnà Obaseki kò kájú òṣùwọ̀n, lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yípo ó ti wà ní PDP, ó sì wọlé ìbò lóṣù kẹsàn-án. Kò sẹ́ni tó dìbò lòdì sí i nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi dá a dúró.

Ti Rivers tún yàtọ̀ pátápátá. Amaechi wọlé ìdìbò abẹ́lé PDP fún ipò gómìnà, ẹgbẹ́ wá yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n fi ti Omehia sí i. Ọbásanjọ́, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní "K-leg", ìyẹn pé ó ní àbùkù, gbogbo Nàìjíríà sì gbọ́ ohun tó sọ, kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀. Òfin ìdìbò ọdún 2006 gba ẹgbẹ́ láyè láti pààrọ̀ olùdíje bí wọ́n bá ní ìdí tó múná dóko tó sì ṣeé wádìí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní wọn kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2007, wọ́n gbé Amaechi gorí àga, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìbò rárá. Òfin ìdìbò ọdún 2010 wá ti ilẹ̀kùn náà: àfi bí olùdíje bá kú tàbí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun kò ṣe mọ́ ni ẹgbẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀. Ìpààrọ̀ ni gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti wà lẹ́nu wa.

Nítorí náà, ta ló yan ta ni kúrò? Ṣé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó tò síta wọ́ọ̀dù ni? Ṣé ìgbìmọ̀ ni? Ṣé bàbá ìsàlẹ̀ ni? Ìyànkúrò kò sọ. Ó dà bí ìjì tó kàn jà tó sì gbé nǹkan lọ. Èmi ti túmọ̀ ìròyìn fún rédíò rí, mo mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Ẹni tó ń wá ipò, a ní ó ń du ipò. Bí wọ́n bá dènà dè é, a ní wọ́n fi ipò náà dù ú. Dù kan náà ni. Ó ń gòkè sí ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì ń dúró ní ìsàlẹ̀ níwájú ú, gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀. Ó du ipò. Wọ́n fi ipò dù ú. Gbogbo ìjà inú ẹgbẹ́ wà nínú gbólóhùn méjì yẹn, kò sì ṣeé sọ láì fi ẹni tó ṣe é síwájú. "Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì du gómìnà." Ẹni tó bá gbọ́ èyí lórí rédíò ti mọ olùṣe, ó ti mọ ohun tí wọ́n gbà, ó ti mọ ẹni tó pàdánù.

Àbúrò wa yóò ní òun fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ fún àkọlé ìwé ìròyìn. Ta ló pa á láṣẹ pé gbogbo àkọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ? Gbólóhùn ni Yorùbá fi ń kéde. Bó bá di dandan, ìfipòduni wà ńbẹ̀, ó ṣeé pè, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Ó tún kù. Nínú ìwé kan náà ló ti pe ìjìyà tí apá kan nínú ẹgbẹ́ ń fi jẹ apá kejì ní "ìbáwí onígún". Igun ni, ohùn àárín lẹ́ẹ̀mejì, bí igun ilé. Igún ni ẹyẹ apárí tó ń jẹ òkú. Mi ò mọ ìdí tí fóònù tí kò gba àmì lórí iyankuro fi wá gba àmì níbi tí kò yẹ.

Ìbáwí pàápàá kò bá ibẹ̀ mu. Ẹni tó láṣẹ lórí ẹni ló ń bá ni wí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àpéjọ gbogbogbòò tí igun kan nínú PDP ṣe ní Ìbàdàn lé Wike, tó jẹ́ mínísítà Àbújá nígbà náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, igun tòun náà kéde pé wọ́n ti lé Mákindé, tó jẹ́ gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ta ló bá ta wí níbẹ̀? Wọ́n lé ara wọn ni. Lé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tó.

Èyí tó kéré sí lílé ni ìwé gbélé ẹ, mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má fi ohùn ìsàlẹ̀ sórí ẹ yẹn. "Gbélé ẹ" ni, ìwọ ni wọ́n ń pàṣẹ fún: gbé ilé rẹ. Ẹni tó bá kọ "gbélé ẹ̀" ti sọ ọ́ di ìròyìn nípa ẹlòmíràn, àṣẹ ti bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ àgbà, kò sẹ́ni tó ń já ìwé "gbélé yín" fún alága. Wọ́ọ̀dù Oshiomhole ní Etsako ló já a fún un lọ́dún 2019, tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2020, tó fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ipò alága APC ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní abúlé ni wọ́n sọ fún alága àpapọ̀ pé kó gbélé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀, a wá ń dá ìbáwí onígún.

Ó ku àwọn tó ń kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé kì í ṣe dù, pé dùn ni, pẹ̀lú ohùn imú, torí pé àwọn rí "ìfẹ̀tọ́dunni" nínú ìwé ìròyìn. Èmi kò gbà. Lẹ́tà "n" tí ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe ti dù. Àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ dùn lẹ́nu ìyá rẹ̀, kó mú gbólóhùn náà wá síta bí ìyá ṣe sọ ọ́, kó sì sọ ìlú tí ìyá ti wá.