Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ gbẹ́ ìkòkò tábà, ẹ wá sọ tiyín

Gbẹ́gi Ìkòròdú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ sọ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tó kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Tèmi nìyí. Ní 2021, iná ò sí ládùúgbò wa fún ọjọ́ mẹ́rin, iṣẹ́ wẹ́dà mi dúró. Mo mú kùkùté igi ọsàn tí wọ́n gé lẹ́yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ó dán, kò sẹ́ni tó rí i tí kò gbà á wò. Àṣé ihò èéfín tí mo lu ò yọ sí ìdí inú rẹ̀, agbedeméjì ló yọ sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi mu tábà, apá òkè ń jó, ti ìsàlẹ̀ di omi dúdú. Lọ́jọ́ kẹta ìkòkò là gbàrà. Látìgbà yẹn, ihò ni mo máa ń kọ́kọ́ lu kí n tó ronú kan ìrísí: inú rẹ̀ á fẹ̀ tó bíi 20 mm, ihò èéfín 4 mm, kó sì yọ gẹ́lẹ́ sí ìdí.

Àgbà Àgbọ̀wá: Igi tútù ló là yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ihò. Igi ọsàn ní láti gbẹ tó ọdún kan. Kun ìda oyin sí orí méjèèjì kó má baà sáré gbẹ.

Gbẹ́gi Ìkòròdú: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Àmọ́ omi dúdú yẹn, ihò ló fà á.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Èmi kì í mu tábà rárá. Ìyá bàbá mi ló ń mu ún. Amọ̀ ni ìkòkò wọn, ọparun ni ọ̀pá rẹ̀, ó gùn tó apá mi. Láàárọ̀ kùtù tí wọ́n bá ń yan ẹja, wọ́n á fi ẹ̀mú mú ẹyin iná kan nídìí ẹja, wọ́n á gbé e lé tábà, wọ́n á fà á, ojú wọn á sì rọ̀. Ìgbà yẹn làwa ọmọ máa ń lọ tọrọ owó. Lẹ́yìn ikú wọn, ìkòkò náà bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, ó fọ́ sí mẹ́ta. Bàbá mi ò bá a wí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo àfọ́kù náà. Èmi ni mo kó o pamọ́, ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún tó kọjá mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo wọn gbogbo ara rẹ̀, mo wá fi igi gúáfà gbẹ́ irú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ Iléyá ni mo gbé e fún bàbá mi. Imú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí. Wọ́n ní, "Kò gbóòórùn wọn." Wọ́n wá kì í bọ àpò agbádá, wọn ò yọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àṣàkẹ́: "Kò gbóòórùn wọn." Omi ń bọ́ lójú mi níbi iṣẹ́.

Ọkọ̀ Ojú Omi: Ìyá àgbà tiwa, inú gèlè ni wọ́n ń fi tiwọn sí. Bí wọ́n bá ti ń tú gèlè, gbogbo ilé ti mọ̀.

Bàbá Ìbejì: Ọ̀pá tó gùn tó apá kẹ̀? Kúkurú ni gbogbo èyí tí mo rí lẹ́nu àwọn ìyá Ẹ̀pẹ́.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Ìyá bàbá mi ni mò ń sọ, sà. N kò sọ ti gbogbo Ẹ̀pẹ́.

Àgbà Àgbọ̀wá: Ọ̀pá gígùn wà dáadáa. Èéfín á ti tutù kó tó dé ẹnu.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Ìtàn yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìkòkò sàn ju sìgá o. Jẹjẹrẹ ètè, ahọ́n, ọ̀fun, gbogbo rẹ̀ ló wà ńbẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Nọ́ọ̀sì, gbígbẹ́ là ń sọ, kì í ṣe mímu.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Ṣebí ẹ̀gbọ́n Gbẹ́gi ló mu ti igi ọsàn yẹn.

Alágbọn Bàdágìrì: Létí òkun tiwa níbí, ọ̀rọ̀ tábà wúwo. Tábà láti Bahia ní Brazil, tí wọ́n fi omi ìrèké dúdú rẹ, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra èèyàn létí òkun yìí. Igbá àgbọn ni mo fi ń gbẹ́ ìkòkò tèmi. N kì í tà á fáwọn tó ń wá wo ọ̀nà táwọn ẹrú gbà wọ ọkọ̀. Ọkàn mi ò gbà á.

Ọkọ̀ Ojú Omi: Igbá àgbọn á mà jó!

Alágbọn Bàdágìrì: Mo fi amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀.

Àṣàkẹ́: Ẹ tà á fún wọn, ẹ jàre. Ẹ sọ ìtàn náà fún wọn bí wọ́n bá ń rà á.

Alágbọn Bàdágìrì: Ẹ̀gbọ́n obìnrin, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Oníṣẹ́ Ọnà: Ẹ wo ère Èṣù àtijọ́, ìkòkò wà lẹ́nu òmíràn. Ó pẹ́ táwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má gbé Èṣù wọ ọ̀rọ̀ tí a ti ń dárúkọ Iléyá.

Oníṣẹ́ Ọnà: Ọ̀rọ̀ ọnà ni mo sọ, Bàbá Ìbejì. Igi ni mò ń wò.

Àgbà Àgbọ̀wá: Ẹ padà sí igi. Ẹ má fi igi ọbọ̀ gbẹ́ ohun tó máa kan ẹnu láéláé, májèlé ni. Ẹ di imú bí ẹ bá ń fi sáńpépà họ ìrókò, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń yún ara. Briar táwọn ará Ítálì ń lò, kókó ìdí igi ni. Wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á tún fi sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Sùúrù yẹn gan-an niṣẹ́.

Ọkọ̀ Ojú Omi: Ṣùkù àgbàdo ńkọ́? Mo kà á pé láti 1869 ni wọ́n ti ń fi ṣe é ní Missouri, l'Amẹ́ríkà.

Àgbà Àgbọ̀wá: Àgbàdo tiwọn, ṣùkù rẹ̀ nípọn. Tiwa fúyẹ́, kíá ló ń jó.

Àṣàkẹ́: Ọmọ Ẹlẹ́ja, ṣé bàbá ti wá mu ún?

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Rárá, mà. Wọ́n ra tábà díẹ̀, wọ́n kì í sínú rẹ̀, wọn ò tanná sí i. Wọ́n ní òórùn náà ti ń sún mọ́ ọn.

Gbẹ́gi Ìkòròdú: Ta ló ní bíìtì 4 mm tó gùn, irin tí a fi ń lu ihò? Tèmi ṣẹ́ lánàá.

Oníṣẹ́ Ọnà: Wá bá mi ní Sábó lọ́la. Mo ní méjì.