Àbọ̀ Lórí Eré Ìkọ́ni fún Àwọn Tó Ń Gun Sukútà Oníná

Mo bèèrè níjọ́sí bí a ṣe lè fi eré kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun sukútà oníná (kẹ̀kẹ́ kékeré oníná tí a ń dúró lé lórí gùn) ní Òṣogbo ní òfin ojú pópó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì ti lójú báyìí.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ni mo ń fún ní àmì, èyí tó sọ ẹ̀kọ́ ààbò di ìdíje eré sísá. Mo wá yá ọpọ́n ayò lò: olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ayò 48, ẹni tí kò bá dé akoto pàdánù 12, ẹni tó bá gbé èrò pàdánù 8, ẹni tó bá sì dẹsẹ̀ kí ó tó wọ oríta gba 4.

Ti bíréèkì ló wọ̀ wọ́n lára jù. Sukútà tó ń sá kìlómítà 25 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà mo fi ẹfun fa ìlà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ibi tí wọn yóò dé kí ọwọ́ wọn tó kan bíréèkì. Gbogbo wọn dákẹ́. A tún fi ihò sí ojú ọ̀nà eré náà, torí pé táyà sukútà kéré, ihò tí ọ̀kadà yóò gbà kọjá lè gbé ẹni tó dúró lórí rẹ̀ ṣubú.

Mi ò kéde ẹni tó gba ipò kìíní mọ́, nítorí ó ń dá ìjà sílẹ̀. Mo pa ìbéèrè mi dé síbí.