Ẹ jẹ́ ká fi ewé pọ́n ọn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn. Orúkọ Yorùbá tó yẹ encapsulation la ń wá, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń fi àmì ìlànà kan bo ẹrù ìsọfúnni kó tó fi í ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká máa pè é ní ìdìpọ̀. Ẹlòmíràn mú ìfisákọ̀ wá. Iṣẹ́ rọ́tà (router, ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn) ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, méjèèjì kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà kan, à ń so ọ́fíìsì wa pọ̀ mọ́ ti Ṣágámù. Rọ́tà ilé-iṣẹ́ Cisco ni tiwa, tọ̀hún kì í ṣe Cisco. Wáyà dára, iná ń tàn, síbẹ̀ “line protocol is down” ló ń kọ sójú, pé ìlànà tó yẹ kí rọ́tà méjèèjì fi bára wọn sọ̀rọ̀ kò ṣiṣẹ́. Odindi ọ̀sán la fi ń yọ wáyà, tí a ń kì í bọ̀ ọ́ padà. Ẹ̀bi mi ni, mi ò wo ewé, ìyẹn irú encapsulation tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń lò. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún Cisco, HDLC tirẹ̀ (ọ̀kan nínú irú ewé bẹ́ẹ̀) ni yóò fi pọ́n gbogbo ohun tó bá gba ojú serial, ihò wáyà tó so rọ́tà méjì pọ̀, jáde. HDLC ti ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo ayé, kò ní àyè tí a ń kọ irú ohun tó wà nínú ẹrù sí. Cisco fi àyè yẹn kún tirẹ̀, rọ́tà tí kò bá sì mọ àrà náà á da ẹrù nù. Mo kọ àṣẹ encapsulation ppp sí ìhà méjèèjì, kí wọ́n lè jọ lo ewé kan náà tó ń jẹ́ PPP, ọ̀nà bá là. Láti 1994 ni ìlànà PPP ti wà nínú RFC 1661, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kà, gbogbo ọjà ló mọ ewé yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀. Ìdìpọ̀ ń sọ nípa ohun púpọ̀ tí a so papọ̀, bí ìdì igi. Ẹrù kan ṣoṣo ni èyí. Akọ̀ ńkọ́? Idà kan, akọ̀ kan, títí ayé. Rọ́tà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń tú ewé tó bá ẹrù wá, ó sì ń fi òmíràn pọ́n ọn kó tó tì í síwájú.

Ẹ wo ẹ̀bìrìpò. Kókò inú rẹ̀ kò yí padà, ewé ló gbé e dé ọwọ́ wa. Nítorí náà ìfewépọ́n ni mo dábàá fún iṣẹ́ náà, kí irú rẹ̀ sì máa jẹ́ ewé: ewé PPP, ewé HDLC. Ó gùn díẹ̀, mo gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gé e kúrú kó ṣọ́ra o: ìpọ́n ni ìyá mi fi ń bu ọbẹ̀, àpọ́n sì ni èmi fúnra mi.