“Àì” inú “omi aláìléèérí” kò bá òfin omi mímu lọ

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi, ẹni tó dábàá orúkọ “omi aláìléèérí” fún omi tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ omi máa fún aráàlú gbìyànjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n “àì” tó fi síbẹ̀ kò jẹ́ kí n lè gbà á. “Àì” kì í ṣẹ́ ohunkóhun kù sílẹ̀: aláìlọ́mọ kò ní ẹyọ kan. Ìwọ̀n ni òfin omi ń sọ ní tirẹ̀. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2020 fàyè gba òjé (lead, mẹ́táàlì olóró kan) títí dé máíkírógíráàmù 10, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan, nínú lítà omi kan títí di oṣù kìíní ọdún 2036, kó tó dín in kù sí 5. Omi kan náà, láti inú páìpù kan náà, lè bófin mu lónìí kó má bófin mu mọ́ lọ́la. Ṣé éérí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀ ni?

Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ omi tó mọṣẹ́ kì í fi í dúró de ọjọ́ òfin. Ara páìpù tó wọ ilé ni òjé sábà máa ń ti yọ́ wọ omi, nítorí náà wọ́n ní láti mọ ohun tí wọ́n fi ṣe páìpù kọ̀ọ̀kan. Mo ti wo òṣìṣẹ́ kan tó fi kọ́kọ́rọ́ ha ara páìpù: ojú ibẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ó rọ̀, òòfà kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ “òjé” sínú ìwé rẹ̀, ó bọ́ sí ilé kejì. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2024 fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ omi ní ọdún 10 láti hú irú páìpù bẹ́ẹ̀.

“Omi abófinmu” ni mo fara mọ́. Ìyá mi àgbà, omi tó bá ti tòrò ni í pè ní omi rere. N kò bá a jiyàn rí, ṣùgbọ́n òjé kì í dí omi lọ́wọ́ láti tòrò.

Ẹni tó ń fi àmì òkè sí ìparí “mímu”, ẹ jọ̀ọ́, “mímú” ni ti ọ̀bẹ. Ẹni tó sì ní ènìyàn nìkan ni “abófinmu” yẹ, ṣé a kì í sọ pé aṣọ bá wa mu ni?