Ìgbà wo ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ láti lo póò?

Ìyá Àṣàkẹ́ (Ìbarà, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún méjì àti oṣù méjì. A fẹ́ fi í sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tí kò jìnnà sí wa nígbà tí wọ́n bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti sọ pé àwọn kò ní gba ọmọ tí ó bá ṣì ń lo pámpáàsì. Láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti wá láti Ìtòkú láti bá wa gbé fún ìgbà díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí a ń jẹ tí a ń mu nínú ilé. Màmá ní ọkọ mi kò tíì pé ọdún kan tí ó ti kúrò nínú ìlédìí, pé owó tí a ń kó lé pámpáàsì lórí ni ó ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Ọkọ mi ní kí a fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀, nítorí òun kò tíì rí ẹni tí ó wọ ìlédìí lọ sí ibi ìgbéyàwó rẹ̀.

Ohun tí èmi fúnra mi rí ni pé ó máa ń sọ fún mi tí ó bá ti tọ̀ tán, ó lè bọ́ pátá rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, ìlédìí rẹ̀ sì máa ń gbẹ nígbà mìíràn tí ó bá jí lójú oorun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ń lọ fara pa mọ́ sí, yóò dúró gbọnrangandan, yóò máa fún ara rẹ̀ pọ̀. Mo ra póò pupa kan fún un ní ọjà Kútọ̀, bèbí rẹ̀ nìkan ni ó ń gbé jókòó sórí rẹ̀. Tí mo bá ní kí òun náà jókòó, ariwo ni. Ṣé àsìkò ti tó ni, tàbí kí n ṣì dúró? Ṣé oríkunkun sì ni fífara pa mọ́ yìí?

Màmá Àgbà (Ìtòkú)

Ọmọ mi, èmi kọ́ ni ìyá ọkọ rẹ o, bí a tilẹ̀ jọ ń gbé Ìtòkú. Màmá kò parọ́ fún ọ. Ní ìgbà tiwa, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ bá ti le díẹ̀, a ó jókòó sórí àpótí, a ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, a ó gbé e jókòó sí orí ẹsẹ̀ wa lẹ́yìn tí ó bá mu ẹ̀kọ òwúrọ̀ tán, ibẹ̀ ni yóò sì ti yàgbẹ́. Tí ó bá jẹ́ ìtọ̀ ni, a ó gbé e dúró, a ó máa ṣe "ṣìì" sí i létí títí ìtọ̀ yóò fi dé. Ẹ̀yìn wa ni ọmọ ń wà láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí náà kí ó tó ṣe ohunkóhun ni ara ìyá ti máa ń mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tí àwa àgbà kì í sábà sọ. Ìyá ni ó mọ àsìkò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan náà tí kì í tọ̀ sí ìyá rẹ̀ lára, tí o bá gbé e fún ẹlòmíràn kí o lè lọ sí ọjà, aṣọ ẹni yẹn yóò tutù. Kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, kí ó sì lè mú un dúró títí yóò fi dé ibi tí ó yẹ, ìyẹn ṣì ń tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwa náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Màmá àti ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ kò ta ko ara wọn tó bí ẹ ṣe rò.

Èyí tí mo fi gba ti Màmá ni ti pámpáàsì. Àkísà tí a fi ń ṣe ìlédìí nígbà náà máa ń tutù mọ́ ọmọ lára, inú rẹ̀ kì í sì í dùn sí i. Èyí tí ẹ ń lò báyìí ń fa omi mu débi pé ọmọ kò mọ̀ pé òun tọ̀. Ní ọ̀sán, nínú ilé, wọ pátá lásán fún un. Má ṣe nà án tí ó bá tọ̀ sílẹ̀, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n máa ń kọrin fi àwọn àtọ̀lé ṣẹ̀sín láyé ọjọ́un, n kò sì rí ẹni tí orin náà wò sàn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ yín bá ohun tí àwọn olùwádìí rí mu. Ní ọdún 1977, ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìyá ẹ̀yà Dígò ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ọmọ náà sì ń tọ̀ nígbà tí ìyá bá ní kí ó tọ̀ kí ó tó pé ọdún kan. Ní ọdún 1962, T. Berry Brazelton, dókítà àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, tẹ ti ọmọ 1,170 jáde, àwọn tí òbí wọn dúró dè títí àwọn fúnra wọn fi fi hàn pé àwọn ti ṣe tán; ní ìpíndọ́gba, wọ́n tó oṣù 28 àti ààbọ̀ kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ ìlédìí ọ̀sán. Ọ̀nà méjèèjì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láti òwúrọ̀ kò lè tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.

Ní ti ọmọ yín, Ìyá Àṣàkẹ́, púpọ̀ nínú àmì tí a ń wò ti hàn lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń fi wọ́n hàn láàárín oṣù 18 sí 36: kí ara ọmọ lè gbẹ fún bíi wákàtí méjì, kí ó lè rìn dé ibi póò kí ó sì jókòó, kí ó lè bọ́ aṣọ, kí ó gbọ́ ohun tí a bá ní kí ó ṣe, kí ó sì ní ọ̀nà kan tí ó fi ń sọ ohun tí ń ṣe é. Ní ti ìtọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ti ìgbẹ́ ni ó ń kọ mí lóminú. Ọmọ tí ó ń lọ sí ìkọ̀kọ̀ láti yàgbẹ́ ti mọ̀ pé ìgbẹ́ ń bọ̀, àmì rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dúró gbọnrangandan, tí ó ń fún ara pọ̀, lè má máa yàgbẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ni ó ń dá a dúró. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ojoojúmọ́ ni? Kí ni ó sì fẹ́ràn láti jẹ?

Ìyá Àṣàkẹ́

Ẹ ṣé, mà. Ó le bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó yà á. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀ nígbà kan, ó sì sunkún púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Búrẹ́dì àti mílíìkì ni oúnjẹ rẹ̀; kì í fẹ́ rí ẹ̀fọ́ sójú. N kò mọ̀ pé èyí kan ọ̀rọ̀ póò.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Ó kàn án gidigidi, ó sì yí ètò wa padà. Tí ìgbẹ́ líle bá ti dun ọmọ lẹ́ẹ̀kan, yóò pinnu pé òun kò yà á mọ́. Bí ó bá ṣe ń dá a dúró ni ìfun yóò máa fa omi inú rẹ̀ mu, tí yóò túbọ̀ máa le sí i, tí ìgbà tí ó kàn yóò sì tún dùn ún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ olómi lè máa jò gba ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó ti dì, àwọn òbí yóò sì rò pé ìgbẹ́ gbuuru ni. Oríkunkun kọ́, ẹ̀rù ni. Ẹ má ṣe fi ipá gbé e jókòó sórí póò nítorí ìgbẹ́ ní àkókò yìí. Tí ó bá fẹ́ yà á sínú ìlédìí, ẹ gbà fún un. Tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kí ó máa ṣe é nínú ilé ìwẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó máa jókòó sórí póò pẹ̀lú ìlédìí nídìí, títí ẹ ó fi lè bọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ, ọsàn, ẹ̀wà àti omi dáadáa, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́ tí a gún kúná sínú ọbẹ̀ tí ó fẹ́ràn. Ẹ dín mílíìkì kù, kí ó má ju nǹkan bíi mílílítà 500 lọ lóòjọ́, nítorí ọmọ tí ó bá mu ún yó kì í ráyè jẹ oúnjẹ mìíràn. Nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdí-Abà ń tọ́jú àwọn ọmọdé, wọ́n sì lè fún un ní oògùn tí yóò mú ìgbẹ́ rọ̀. Tí ikùn rẹ̀ bá wú tàbí tí ó bá ń bì, ẹ má dúró di ọ̀la. Mo sì bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọṣẹ bọ̀ ọ́ nídìí, ẹ má sì fún un ní ẹ́nímà, ìyẹn omi tàbí oògùn tí wọ́n ń fún sí ni nídìí, fúnra yín. Yóò tún dá kún ẹ̀rù rẹ̀ ni.

Tí ó bá yá, lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ máa gbé e jókòó, nítorí oúnjẹ tí ó wọ inú ń ta ìfun jí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ ilẹ̀. Nítorí obìnrin ni, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ni kí ẹ máa nù ún, kí ìdọ̀tí má bàa wọ ojú ara.

Bàbá Ìbejì (Òkè-Ìléwó)

Mo gba ti Màmá Àgbà, àfi níbì kan: ẹ má ṣe bọ́ pámpáàsì pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ó wà fún òru àti fún ìrìn àjò, nítorí ẹni tí ó bá ti wọ mọ́tò láti ibí lọ sí Èkó nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lójú ọ̀nà mọ ohun tí mo ń sọ. Gbígbẹ ní òru kì í sì í ṣe ohun tí à ń kọ́ ọmọ. Ara rẹ̀ ni yóò ṣe é nígbà tí ó bá tó àkókò. Kẹ́hìndé ilé wa bọ́ lọ́wọ́ ìlédìí ní ọ̀sán ṣáájú Táíwò dáadáa, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà ni wọ́n wà, ọwọ́ kan náà ni ó sì ń kọ́ wọn.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra pátá tí ó pọ̀, nítorí àsìkò òjò la wà yìí, aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ lọ bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú kí ẹ sì ṣàlàyé ìtọ́jú tí ọmọ ń gbà. Kàlẹ́ńdà wọn ni oṣù Kẹsàn-án wà, kò sí nínú ìfun ọmọ. Tí wọn kò bá gbọ́, ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ó dúró di sáà kejì.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Òótọ́ ni ti òru. Àwa kì í ka àtọ̀lé sí àìsàn rárá kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún.

Ìyá Àṣàkẹ́

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ọ̀dọ̀ dókítà ni a ó kọ́kọ́ lọ nínú ọ̀sẹ̀ yìí. Pátá ni yóò máa wọ̀ ní ọ̀sán láti ọjọ́ Sátidé tí mo máa wà nílé, a kò sì ní dárúkọ póò fún ìgbẹ́ títí yóò fi rọ̀. Èyí tí ó kù ni bí n ó ṣe sọ ọ́ fún Màmá tí kò fi ní dà bíi pé mo ń kọ́ wọn ní ọmọ títọ́.

Màmá Àgbà

Iṣẹ́ ni kí o fi lé wọn lọ́wọ́. Sọ pé, "Màmá, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n, tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá mi gbé e jókòó lẹ́yìn ẹ̀kọ òwúrọ̀." Inú wọn yóò dùn, wọn yóò sì ní sùúrù ju ìwọ tí o ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí o tó fi ilé sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn dáadáa, nítorí òun ni ọwọ́ àwa àgbà máa ń kọ́kọ́ nà sí.