Ọ̀gá ní dandan ni ká wọ ankará ẹgbẹ́ wọn. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti lé lọ́dún 14 tí mo ti ń ṣe akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Yábàá níbí. Ojú mi ni Fashola ṣe lọ, tí Ambode dé tó tún lọ, tí Sanwo-Olu náà fi wọlé. Fáìlì kan náà ni mò ń tò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa (òṣèlú ni wọ́n, wọ́n yàn wọ́n sípò ni) ní kí kálukú mú nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ wá, kó sì ra ankará fún ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́rú, lásìkò iṣẹ́! Mo ní àwọn tó wá gbàwé ńkọ́? Wọ́n ní, "Ta ló ń bọ́ ẹ?"

Mo mọ̀ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́dún 2003 pé òṣìṣẹ́ ìjọba lè ṣẹgbẹ́ òṣèlú. Àmọ́ "lè" kọ́ ni "gbọ́dọ̀". Aǹtí tá a jọ ń jókòó ní kí n rà á, kí n panu mọ́, torí ìgbéga mi ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rírú ẹ̀ rí, ṣé kí n kọ̀wé sí wọn ni, àbí kí n gbàyè lọ́jọ́ náà? Ọmọ mẹ́ta ni mò ń sanwó ilé ìwé fún o.